Ọgbà Ìyá Àgbà àti Àwọn Ológbò Ahunṣọ

"Ta ló tún ṣu síbí o! Ta ló ṣu sínú ẹ̀fọ́ mi!"

Igbe yẹn ló máa ń jí mi. Kì í ṣe àkùkọ, kì í ṣe ìpè ìrun, kì í ṣe kọ̀-kọ̀-kọ̀ òfì àwọn ọkùnrin. Ìyá tó bí ìyá mi ló ń ké láti ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìsẹ́yìn, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ti wọ inú ìgbẹ́ ológbò níbi tó ti ń já tẹ̀tẹ̀ àárọ̀. Lọ́jọ́ tí mo ń sọ yìí, mo sáré jáde, mo bá a láàárín ebè, ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀. Ìrì ṣì wà lórí ewé. Òórùn ẹ̀fọ́ tútù ti dà pọ̀ mọ́ òórùn burúkú yẹn, ẹni tó bá ti gbóòórùn ìgbẹ́ ológbò rí kò ní kí n ṣàlàyé.

"Bu omi wá," ó ní. "Mú àkúfọ́ igbá kan wá pẹ̀lú. Lónìí, wọn á fi ojú ara wọn rí i."

Ó fọ ọwọ́, ó fi eérú họ ọ́, ó tún un fọ̀. Lẹ́yìn náà ó kó ìgbẹ́ náà sínú àkúfọ́ igbá, ó sì kọrí sí abẹ́ òfì. Mo tẹ̀ lé e. Àwọn ọkùnrin ti jókòó sẹ́nu iṣẹ́, ẹsẹ̀ wọn ń tẹ òfì, ọ̀kọ̀ tó gbé òwú dání ń fò láti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì. Ìyá àgbà kúnlẹ̀ bí ìyàwó rere, ó gbé igbá kalẹ̀ níwájú wọn.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọkọ mi. Ẹ̀bùn àwọn ọmọ yín rèé. Mo ní kí n má dá a jẹ."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìyàwó, ológbò kò lẹ́gbin o. Àáfà ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ bá mi pe Àáfà kó wá gbóòórùn ẹ̀gbin tí kò ní yẹn."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi ọwọ́ gbá itan. Mo ti darúgbó báyìí, eyín mi ò pé lẹ́nu mọ́, inú ṣì ń bí mi sí ẹ̀rín yẹn. Wọ́n lè ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí.

Ẹ jẹ́ n sọ bí ológbò ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nílé wa. Kí ahunṣọ tó ta òwú sórí òfì, yóò kọ́kọ́ rì í sínú ẹ̀kọ ṣíṣàn, yóò sá a sóòrùn, kó lè le, kó má máa já. Òwú tó bá ti mu ẹ̀kọ, oúnjẹ ni lójú èkúté. Èkúté lè ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ jẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ahunṣọ tí kì í sin ológbò, agbo ilé wa sì kún fún ahunṣọ. Àwọn ológbò ń ṣọ́ òwú àwọn ọkùnrin, wọ́n wá ń yàgbẹ́ sí ẹ̀fọ́ àwọn obìnrin. Kò sí ọkùnrin kan tó rí nǹkan tó burú níbẹ̀. Ìgbẹ́ kò ṣáà sí nínú òwú tiwọn.

Ọgbà ọ̀hún kì í ṣe ọgbà lásán. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa, yangí ni, bí o bá sọ ọkọ́ sí i, ọkọ́ á han, ọwọ́ á ta ọ́. Nígbà tí wọ́n gbé ìyá àgbà níyàwó, ọkọ rẹ̀ nawọ́ sí ibi tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́, ó ní kó máa dáko ẹ̀fọ́ síbẹ̀. Òun ló fi orí ara rẹ̀ ru erùpẹ̀ dúdú láti etí odò. Ó ń kó ìgbẹ́ ewúrẹ́ sí i, ó ń kó èèpo ọkà bàbà sí i, ó ń kó gbogbo ohun tí wọ́n bá gbá nílé sí i. Láràárọ̀, gbogbo ìyàwó ilé ń da eérú àárò wọn sínú ọgbà náà, títí ó fi di àṣà. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti Ṣakí, níbi tí ìyá mi ti wà nílé ọkọ, erùpẹ̀ yẹn ti dúdú, ó ti rọ̀, bí o bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, yóò gbà ọ́ dé ọrùn ọwọ́. Tẹ̀tẹ̀, gbúre, ata, ilá, gbogbo wọn ń du àyè mọ́ ara wọn lọ́wọ́ níbẹ̀. Kò sí ìkòkò tí wọ́n ń sè nílé wa tí ẹ̀fọ́ ọgbà náà ò wọ̀.

Ọkọ rẹ̀ ti kú kí n tó gbọ́njú. Ìyá àgbà ò bí ọmọkùnrin fún un, ọmọbìnrin nìkan ló bí. Nígbà tí ó jáde opó, wọ́n ní kí àbúrò ọkọ rẹ̀ ṣú u lópó. Ìyá àgbà ní, "Èyí tí mo pọ̀n? Èyí tó tọ̀ sí mi lẹ́yìn?" Òótọ́ ni, ọmọ kékeré lọkùnrin náà nígbà tí wọ́n gbé ìyá àgbà wọlé, ìyá àgbà ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fún un lóúnjẹ. Wọ́n ní gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tirẹ̀ ò dénú. Òun náà ló wá di baálé wa. Síbẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí ṣáájú kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ ni ó jẹ́ fún ìyàwó yẹn, kò báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Nítorí náà "ọkọ mi" ni ìyá àgbà ń pè é, ó ń kúnlẹ̀ kí i, ó ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ tó pọ̀n ń wí fún un pé "o."

Lásìkò yẹn, wọ́n ní àwọn òyìnbó ń bá ara wọn jagun lókèèrè. Òwú òyìnbó wọ́n lọ́jà, àwọn èèyàn tún ń wá aṣọ òwú ilé wa kiri. Baálé fẹ́ fi òfì kún òfì. Òfì wa kì í sì í gba ibi tóóró. Wọ́n á ta òwú gbọọrọ sílẹ̀ níwájú ahunṣọ, wọ́n á so òkúta mọ́ ìpẹ̀kun rẹ̀ kó lè fà á le, òkúta yẹn á máa wọ́ nílẹ̀ bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀ bí aṣọ bá ṣe ń pọ̀ sí i. Ilẹ̀ gbọọrọ, ilẹ̀ títẹ́jú, ló ń fẹ́. Ọgbà ìyá àgbà nìkan ni irú rẹ̀ tó kù nílé wa.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó gbé igbá lọ bá àwọn ahunṣọ, baálé ránṣẹ́ pè é sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọkùnrin jókòó, àwọn ìyàwó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Èmi wà lẹ́yìn ìyá àgbà, mo di ìró rẹ̀ mú.

"Ìyàwó, o gbé ìgbẹ́ wá síwájú ọkùnrin."

"Ológbò ọkùnrin ló ṣu ú, ọkọ mi."

"Ọgbà rẹ ló ń pè wọ́n. Àwọn tó ń wá ra aṣọ ń fi ọwọ́ bo imú. Bí kò bá sí ọgbà, kò ní sí ìgbẹ́."

"Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́, ọkọ mi."

Àwọn ìyàwó mí kanlẹ̀. Baálé wo ojú àwọn èèyàn, ó rí i pé wọ́n ń wo òun. Ó ní, "Ó dáa. Kí ọkà bàbà tó yọrí, jẹ́ kí ẹ̀yìnkùlé mọ́. Bó bá mọ́, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́, máa lo ilẹ̀ rẹ lọ. Bí kò bá mọ́, òfì á wọ ibẹ̀."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí," ni ìyá àgbà wí, "ẹ ṣáà gbọ́."

Wọ́n gbọ́. Mo gbọ́ pẹ̀lú. Ẹ fi ìyẹn síbì kan.

Bí ogun àwa náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A kọ́kọ́ lọ gé ẹ̀ka igi ẹlẹ́gùn-ún, a fi yí ebè ká. Ẹ̀gún gún mi lẹ́sẹ̀, ó gún aya ilé kan lọ́wọ́, kò gún ológbò kankan. Àwọn ológbò ń gbẹ́sẹ̀ lé ẹ̀gún náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n ń wò wá bí ẹni pé àwa la ṣe àṣìṣe. Lẹ́yìn náà, ìyá àgbà gún ata gbígbẹ, ó fọ́n ọn ká. Afẹ́fẹ́ gbé ata yẹn, ó di abẹ́ òfì. Hàáṣìn! Gbogbo ahunṣọ ń sín, omi ń bọ́ lójú wọn, òwú ń já.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọkọ mi," ni ìyá àgbà ń ké láti inú ọgbà. "Àánú yín mà ṣe mí o!" Ó ti fi ìró bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Òjò rọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sì fọ gbogbo ata náà lọ.

Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n so àwọn ológbò mọ́lẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́ nìkan. Wọ́n ní ta ló ń so ológbò bí ewúrẹ́. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fi igi lù wọ́n, àwọn ọkùnrin ò ní gbà. Láràárọ̀ ni mò ń fi àkúfọ́ igbá kó ìgbẹ́. Bí mo bá ti kó ojú kan, ìyá àgbà á bu eérú tuntun sí i, kí òórùn lè lọ, kí kòkòrò má sì bá ewé. Lọ́jọ́ kejì, ojú kan náà gan-an ni wọ́n á tún ṣu sí. Ìyá àgbà ń rù. Nígbà mìíràn mo ń gbọ́ tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nídìí ata: "Wọn ò ní gbà á. Wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ mi."

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni àṣírí tú. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ilẹ̀ tutù, a jókòó sábẹ́ òrùlé, à ń pa ẹ̀gúsí. Ìyá ológbò alámì dúdú kan, tí àwọn ọmọ ń wọ́ tẹ̀ lé, wọ inú ọgbà. Ó gbé ẹsẹ̀ lé ebè, ó gbọn omi nù, kò fẹ́. Ó kọjá sídìí ilá, kò fẹ́. Ló bá yà sí ibi ìdáná wa, ó wọ inú àárò tí kò níná, ó wa eérú, ó wa eérú, ó sì lóṣòó.

Ọwọ́ ìyá àgbà dúró lórí ẹ̀gúsí. "Ṣé o rí ohun tí mo rí?"

"Ó ń ṣu sínú àárò."

"Eérú ló ń wá! Kò fẹ́ ilẹ̀ tútù, kò fẹ́ ilẹ̀ líle. Ohun rírọ̀, gbígbẹ, tó lè wa, ló ń wá." Ó sọ ẹ̀gúsí sílẹ̀, ó gbá itan. "Yéè! Èmi ni mò ń tẹ́ ẹní fún wọn láràárọ̀! Bí wọ́n bá ṣu tán, màá tún bá wọn tẹ́ òmíràn!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dùn ún lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó sì dìde.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró lọ́nà ọgbà, ó ń dá àwọn ìyàwó ilé padà pẹ̀lú eérú wọn. "Kò séérú nínú ọgbà mọ́ o. Ẹ lọ dà á sí àlàpà." Àlàpà kan wà lẹ́bàá odi, níbi tí yàrá àtijọ́ kan ti wó. Ibẹ̀ la ń da gbogbo eérú ilé sí, a fi ewé ṣe òrùlé lé e lórí kí òjò má baà bà á. Eérú tó wà lórí ebè, a ro ó mọ́ abẹ́ ilẹ̀. A wá ya pòròpórò ọkà bàbà ti ọdún tó kọjá, a tò ó sáàárín ẹ̀fọ́ títí kò fi sí ojú ilẹ̀ tí ológbò lè wa. Àwọn ológbò yí ọgbà po, wọ́n ráhùn, wọ́n sì rí àlàpà. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi ń lọ síbẹ̀. Mo máa ń gbé àkúfọ́ igbá mi wọ inú ọgbà láàárọ̀, n ó wá a títí, n ó sì gbé e jáde lófo. Ìyá àgbà ò ké mọ́. Mo ń sùn kọjá àkókò, nítorí kò sí ohun tó ń jí mi.

Ọkà bàbà ò tí ì yọrí tí baálé fi dé pẹ̀lú okùn àti èèkàn, àwọn ọkùnrin tẹ̀ lé e. Ìyá àgbà rò pé wọ́n wá wo ọgbà ni. Ó ti gbálẹ̀. Ó kúnlẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ojú rẹ̀ ń tàn bíi ti ọmọge.

"Ọkọ mi, ẹ wò ó. Ẹ wọnú ẹ̀ wò. Ó mọ́."

Baálé wọ inú ọgbà. Ó gbé pòròpórò kan sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó tún un fi sílẹ̀. "Ó mọ́ lóòótọ́," ó ní.

"Ẹ ṣeun, ọkọ mi."

"Ṣùgbọ́n a ti pinnu. Òwú ń bọ̀ lọ́nà. Ilẹ̀ ilé wa ni, ìyàwó. O ò kúkú bí ọmọkùnrin tí a ó fi í sílẹ̀ fún."

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mo ní kí ilẹ̀ lanu gbé baálé mì, mo sọ ọ́ nínú mi, mi ò sì tọrọ àforíjì títí dòní.

Ìyá àgbà dìde. Ẹ jẹ́ kó yé yín: ó dìde níwájú ọkọ, kò sì tíì sí ẹni tó ní kó dìde. Ó gbọn erùpẹ̀ eékún rẹ̀ sínú ọgbà.

"Ẹ ò kúkú lé ológbò. Èmi lẹ̀ ń lé. Láti ọjọ́ tí mo ti ní mi ò fẹ́ yín lẹ ti ń lé mi."

"Má sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ilẹ̀ lẹ fẹ́?"

"Ilẹ̀ ni."

"Ilẹ̀ ni tiyín. Mo gbà. Erùpẹ̀ ni tèmi. Mi ò bá a nílé yín. Yangí ni mo bá nílé yín, yangí náà ni màá dá padà fún yín."

Baálé rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí àwọn ọkùnrin, ó ní, "Kó erùpẹ̀ rẹ máa lọ. A ò jẹ erùpẹ̀." Ó rò pé ọ̀rọ̀ ìbínú lásán ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá àgbà gbé agbọ̀n, ó gbé ọkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọgbà rẹ̀. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ìyàwó ilé kan jáde pẹ̀lú agbọ̀n tirẹ̀, òmíràn jáde, òmíràn tún jáde, títí gbogbo obìnrin tó ti da eérú sínú ọgbà náà rí fi wà níbẹ̀. A hú ẹ̀fọ́ tòun ti gbòǹgbò. A kó erùpẹ̀ dúdú náà sínú agbọ̀n, sínú igbá, sínú ìkòkò tó ti là, a ru ú gba àárín ìlú kọjá lọ sí ilé bàbá ìyá àgbà, níbi tí wọ́n ti bí i. Àwọn èèyàn ń bi wá pé kí la rù.

"Ogún mi ni," ni ìyá àgbà ń dá wọn lóhùn. "Ẹ bá mi yọ̀."

Baálé jáde, ó dúró, ó wò. Kò lè dá wa dúró, ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ pé ká kó o, gbogbo ilé ló gbọ́. A wa ọgbà náà títí yangí pupa fi yọ, ó jìn, ó rí gbágungbàgun. Nígbà tí mo rò pé a ti ṣe tán, mo bi í pé, "Eérú àlàpà ńkọ́?"

"Ta ló kó o jọ? Kó o."

Òun fúnra rẹ̀ ló kẹ́yìn, pẹ̀lú ẹní rẹ̀ lórí. Wọ́n ń pè é ní dálémosú lẹ́yìn. Ó ní dálémosú tó ní erùpẹ̀ sàn ju ìyàwó tó ní yangí lọ.

Wọ́n gbé òfì sí ibẹ̀. Òjò ìkẹyìn rọ̀ sínú kòtò náà, òkúta òfì rì sínú ẹrẹ̀, òwú tó wọ́ nílẹ̀ pọ́n rokoṣo. Ìyẹn ò tíì tó nǹkan. Ológbò kì í ṣu láìwa ilẹ̀, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Kò sí ọgbà mọ́, kò séérú ní àlàpà, àwọn ìyàwó ilé sì ti ń gbé eérú tiwọn lọ dà sẹ́yìn odi, kò sẹ́ni tó rán wọn. Ohun rírọ̀, gbígbẹ, kan ṣoṣo tó kù nínú agbo ilé náà ni òwú gbígbọ̀n, tí wọn ò tíì ran, tó kún inú agbọ̀n àwọn ọkùnrin. Ibẹ̀ làwọn ológbò gbà lọ.

Baálé rán ahunṣọ kan wá. Ó bá wa nínú ọgbà tuntun, à ń já gbúre. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, mi ò rí i kó dọ̀bálẹ̀ fún un rí. Ó ní baálé bẹ ìyá, kí ìyá jọ̀ọ́ wá bá wọn wo ọ̀rọ̀ ológbò yìí, kí ìyá máa padà bọ̀ nílé.

"Sọ fún un," ni ìyá àgbà wí, ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lára ẹ̀fọ́, "pé ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Èmi ò da eérú sílé wọn mọ́."

Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Mo rò pé yóò bá mi rín in. Kò rẹ́rìn-ín. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí gbúre. "Ibojì ọkọ mi wà nínú ilé yẹn," ó ní. "Ìyẹn nìkan ni mi ò lè kó sínú agbọ̀n." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì ń já ẹ̀fọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí inú mi ò fi rọ̀ títí dòní. Gbogbo èèyàn ń rántí ẹ̀rín ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ń sọ ọ́ nílé ìyàwó, wọ́n ń sọ ọ́ nílé ìkómọ. Ẹkún yẹn lèmi rí.

Nígbà tí wọ́n gbé mi níyàwó, ìyá àgbà fi agbọ̀n erùpẹ̀ dúdú kan kún ẹrù mi. Àwọn tó wá gbé mi wò ó, wọ́n wo ara wọn. Ó ní kí n dà á sí ẹ̀yìnkùlé wọn, kí n fi eérú kún un, abẹ́ ni kí n ro eérú mọ́, kí n má jẹ́ kó hàn lókè. "Agbọ̀n yẹn," ó ní, "má fi dáná o."

Mo da erùpẹ̀ náà, ó ti gbilẹ̀, ó ti bọ́ ọmọ àti ọmọ ọmọ, ológbò kankan ò ṣu sí i rí. Agbọ̀n náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Ìdí rẹ̀ ti jẹrà, mo ti fi àkúfọ́ igbá lẹ̀ ẹ́. Bí àwọn ará ilé ọkọ mi bá ti ń na ọwọ́ sí ẹ̀yìnkùlé mi, tí wọ́n ń ní ilẹ̀ yẹn mà fẹ̀ o, mo máa ń lọ gbé e jáde, màá gbọn eruku ara rẹ̀ nù níwájú wọn, màá sì gbé e padà síbi tó wà.